Ojú Leah Lára Gíláàsì

Adéjìmí ṣì wà láyé nígbà náà. Serifat oníbọ́tìnnì ṣì wà láyé pẹ̀lú, bàbá onílé wa tó máa ń fi rédíò jí gbogbo ilé kò sì tí ì kú. Gbogbo wa la wà nílé láàárọ̀ Sátidé tí Leah ju kọ́ọ̀pù rọ́bà lu ògiri yàrá rẹ̀, tó ní bí wọn ò bá gbé dígí wá fún òun, òun ò ní jẹun, òun ò sì ní lo oògùn.

“Màmá, mo ti sọ fún yín pé ó fọ́,” Ìtùnú ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn.

“Èwo ló fọ́?”

“Ti ara wọ́dúróòbù.”

“Tọwọ́ ńkọ́? Èyí tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà?”

“Òun náà fọ́.”

“Ìtùnú, ṣé ẹ̀ ń fi dígí gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé yìí ni?”

Ìtùnú kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àkísà nu omi tó dà sílẹ̀. Bàrígà ni ilé wa wà, ilé oníyàrá mẹ́wàá, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á já. Bí ẹnìkan bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn á ní “pẹ̀lẹ́ o.” Nítorí náà kò sí ẹni tí kò gbọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé irọ́ ni Ìtùnú ń pa.

Oṣù méje ṣáájú ọjọ́ yẹn ni Leah ṣubú létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, níbi tó ti ń yan ẹja. Ibẹ̀ ló ti ń yan án láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wá láti etíkun Oǹdó ní ìyàwó. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú, ọ̀rọ̀ sì padà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò gbéra mọ́, igun ẹnu rẹ̀ lápá òsì sì wọ́ wálẹ̀, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ dání. Bó bá ń mu omi, á máa ro jáde níbẹ̀. Arẹwà obìnrin ni Leah tí mò ń sọ yìí o, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, onítọ̀hún á dúró kí ó lé tiro tán ná.

Dókítà sọ fún Ìtùnú pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa ronú, pé bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún ru bíi ti àkọ́kọ́, ó lè gbé e lọ. Ohun tí Ìtùnú mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyá òun kò gbọdọ̀ rí ojú ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ọsibítù ní Igbóbì ni Ìtùnú ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun rí obìnrin kan níbẹ̀ tí mọ́tò gbá, pé ọjọ́ tó wo dígí ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, títí wọ́n fi gbé e relé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kó gbogbo dígí kúrò nílẹ̀. Ó fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, nítorí bí iná bá lọ, ojú tẹlifíṣọ̀n a máa dà bíi dígí. Ó kó ìdérí ìkòkò tó ń dán pamọ́. Ṣíbí rọ́bà ni ìyá rẹ̀ fi ń jẹun. Ẹni tó bá wá kí wọn, ẹnu ọ̀nà ló ti máa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Serifat ní ó ku kí ó wá fi aṣọ bo orí pípá bàbá onílé.

Dígí mẹ́ta ló kó, abẹ́ ibùsùn tèmi, ní yàrá tó kọjú sí tiwọn, ló kó wọn sí. N kò ní purọ́, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Adéjìmí ọkọ Leah jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń bó ẹ̀pà jẹ. Bàbá Átíìsì ni gbogbo Bàrígà mọ̀ ọ́n sí. Kí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sítíkà àti àwọn pátákó rọ́bà gbàǹgbà-gbàǹgbà yẹn, òun ló ń kọ̀wé sára gíláàsì ilé ìtajà láti ọ̀dọ̀ wa dé Ọbáníkòró. Inú ilé ìtajà ló máa ń dúró sí kọ ọ́, kí òjò má baà fọ ọ̀dà náà. Nítorí náà, sódì ló ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà nínú ilé kò ní lè kà á, ṣùgbọ́n á gún régé lójú ẹni tó ń kọjá ní títì. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe é, kò ṣi lẹ́tà kan rí.

“Bàbá Ìtùnú,” Leah pè é.

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ ti kọ orúkọ gbogbo onígbàjámọ̀ Bàrígà sára gíláàsì. Ẹ ti ya sísọ́ọ̀sì, ẹ ti ya bàtà, ẹ ti ya eyín onísègùn eyín. Ẹ ò yà mí rí.”

“O ò ní kí n yà ọ́ rí.”

“Mo ti ní kí ẹ yà mí báyìí. Ọmọ yín ti fi dígí gbá bọ́ọ̀lù tán. Ẹ fi ọ̀dà sọ bí ojú mi ṣe rí fún mi.”

Adéjìmí wo Ìtùnú. Ìtùnú ń mi orí fún un lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Adéjìmí ju ẹ̀pà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó dìde.

“Mo gbọ́,” ó wí.

Ìtùnú sá tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Bàbá, ẹ ò lè ṣe é.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ mọ ohun tó dé. Tí ẹ bá máa yà wọ́n, ẹ yà wọ́n bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ìgbà tí a sọ Fìyìnfólúwa ọmọ mi lórúkọ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ máa wò ó, kí ẹ máa yà á.”

“Kí n jókòó síwájú ìyá rẹ, kí n wá máa wo fọ́tò?”

“Bàbá, ikú ni mò ń sá fún wọn!”

Adéjìmí ní òun ń lọ wá gíláàsì.

Ọ̀dọ̀ Ràsákì tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù nísàlẹ̀ àdúgbò ló ti rí èyí tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́, ó gùn tó apá àgbàlagbà. Láti ọjọ́ Ajé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gbé àpótí síwájú ìyàwó rẹ̀, á gbé gíláàsì lé orí itan, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ń kùn, nítorí náà ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn: dúdú ojú, ìlà ètè, kí ó tó wá kan ẹran ara, kí ó tó kan aṣọ. Leah kò jẹ́ kó sinmi.

“Ṣé ẹ ti dé imú?”

“Mo ti dé imú.”

“Ẹ má ṣe é tóbi ju bó ṣe wà lọ o.”

“Ó ti tóbi tẹ́lẹ̀.”

“Inú ilé baba yín ni imú ti tóbi.”

Àwa tá a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Ìtùnú nìkan ni ara kò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀. Bó bá dé ibi iṣẹ́, á pè mí lórí fóònù.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ojú wo ni wọ́n ń yà?”

“N kò rí i. Ó ń fi aṣọ bò ó.”

“Ẹ bá mi yọjú wò ó.”

“Ìtùnú, iṣẹ́ ọba lo wà o. Gbájú mọ́ aṣọ tó o ń fọ̀.”

Kò ju wákàtí kan lọ, á tún pè. Ní Ọjọ́rú ó tilẹ̀ sá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó dé pẹ̀lú òógùn lójú, ó wọ yàrá. Adéjìmí fi aṣọ bo gíláàsì, ó ní kí ó padà síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀dà gbẹ. Lẹ́yìn agogo mẹ́rin ọ̀sán, Adéjìmí gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ti ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti pa dúdú kirikiri, ó wá ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Kí ó tó yí padà, gbogbo ilé ti pé síbẹ̀.

Leah ló wà lára rẹ̀, lórí àga rẹ̀, nínú búbá aláwọ̀ ewé. Ó di dígí ọwọ́ mú, ó ń wò wá. Ẹnu rẹ̀ wọ́ wálẹ̀, bó ṣe wọ́ gan-an, Adéjìmí kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú dígí tó dì mú, kò kun nǹkan kan síbẹ̀. Gíláàsì lásán ni, ó mọ́ gaara, ògiri dúdú ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé ọ̀dà ló tán ni?” Serifat bèèrè.

“Kò tán o, ó ní ìtumọ̀.” Sabina ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin onídìrí tó wà ní yàrá kẹta. “Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ìyá Ìtùnú ò mọ ara wọn mọ́. Wọ́n wo dígí, wọn ò rí ẹnìkankan.”

“Pa ẹnu dé! Ṣé òkú ni wọ́n ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí Serifat. Bí yíyà ṣe rí nìyẹn.”

Bàbá onílé fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Ó ní lójú tòun, ìbáwí ni, pé Bàbá Átíìsì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹwà tó fi ń ṣe fáàrí ti lọ, kí ó gbàgbé rẹ̀. Serifat ní bàbá onílé tí kò ní irun kan lórí ló ń sọ̀rọ̀ ẹwà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn tí Ìtùnú fi ti ibi iṣẹ́ dé, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó rí ẹnu tó wọ́ yẹn.

“Bàbá. Mo bẹ̀ yín. Mo bẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ yà á bẹ́ẹ̀.”

“Bó ṣe wà ni mo yà á.”

“Dígí ọwọ́ wọn ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀?”

Adéjìmí fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. “Ìyá rẹ ní kí n ya ojú òun. Ìwọ ní kí n ya ojú àtijọ́. N kò mọ èyí tí màá fi síbẹ̀. Mo bá fi í sílẹ̀.”

Ràsákì ti wá wo ohun tí gíláàsì rẹ̀ dà. Ó ti ń yí orí sọ́tùn-ún yí i sósì láti ìgbà tó dé.

“Bàbá Átíìsì,” ó wí, “ọwọ́ wo ni Ìyá Ìtùnú fi di dígí mú?”

“Ọ̀tún.”

“Ẹ bọ́ síbí wò ó. Òsì ni. Ọwọ́ tí kò gbé nǹkan ni wọ́n fi di dígí mú! Ẹnu náà, apá òsì ló wọ́ lójú ayé, ọ̀tún ló wọ́ níbí. Bàbá, ẹ ti ya ìyá yìí sódì o!”

Adéjìmí bọ́ síwájú gíláàsì. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yìn tó ń kùn ló ń wò. Ó wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wò ó. Lẹ́tà ló ti ń yí sódì láti ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ́n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò ní kí ó ya ojú ènìyàn sára gíláàsì rí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ó yà á bó ṣe rí i, ó gbàgbé pé ẹ̀yìn lòun wà. Sabina bú sẹ́rìn-ín. Serifat ní ọjọ́ ogbó rèé.

“Mo ṣì í,” Adéjìmí wí.

“Ọlọ́run ló ṣe é!” Ìtùnú di apá rẹ̀ mú, ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀. “Ẹ ha á kúrò, Bàbá. Ẹ ha á, kí ẹ fi ojú tàtijọ́ sí i. Wọn ò tí ì rí i.”

Adéjìmí ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú abẹ jáde, ó kúnlẹ̀ ti gíláàsì.

“Ta ló ní kí ẹ ha mí?”

A kò gbọ́ ìró ọ̀pá tí Leah fi ń rìn nínú yàrá. Leah dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, òun tí kò tí ì fẹsẹ̀ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti oṣù méje. Sabina bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ara rẹ̀. Serifat ń tú gèlè tí kò bàjẹ́. Èmi náà wo ilẹ̀.

“Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sínú ilé.”

“Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ẹ̀ ń túmọ̀ mi bíi pé mo ti kú. Ràsákì, sún kúrò níwájú mi.”

Ràsákì sún. Leah wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi àpótí kan tó wà níwájú gíláàsì, ó jókòó. Ìtùnú ti bọ́ sí àárín òun àti gíláàsì náà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìẹ.

“Kúrò níbẹ̀, Ìtùnú.”

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín—”

“Mo ní kúrò níbẹ̀.”

Ìtùnú wo bàbá rẹ̀. Adéjìmí ti sọ abẹ sílẹ̀. Ìtùnú wá wò mí, mo tún wo ilẹ̀. Ó kúrò.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kọjú sí Leah. Ó wo aṣọ tó wà lára gíláàsì, ó wo àga. Ó wo ojú tí ọkọ rẹ̀ yà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó wo inú dígí tí kò ní ọ̀dà. Níbi tí mo dúró sí, mo rí i bí ara rẹ̀ ṣe dúró gbagidi. Èéfín ara ògiri ti sọ ibẹ̀ di dígí gidi. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi kan igun ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ kan gbéra nínú gíláàsì, ó kan ẹnu náà.

Ó na ìka náà, ó fi kan inú dígí tí kò ní ọ̀dà.

“Apá ibí ló wọ́ nínú dígí,” Leah wí. Ó sún ìka rẹ̀ sókè síbi ojú tí ọkọ rẹ̀ yà. “Apá ibí kan náà ló wọ́ níbí. Ta ló ní Bàbá Ìtùnú ṣì í?”

“Ṣùgbọ́n, Ìyá, tí èèyàn bá wò yín—” Ràsákì bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ìwọ ló ń wò mí lára gíláàsì yìí? Èmi ni mò ń wo ara mi. Bí mo bá wo dígí, bí mo ṣe máa rí nìyí. Wá wò ó.”

Ràsákì bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Leah, ó wo ibi tí kò ní ọ̀dà náà, ó wo èyí tí wọ́n kùn. Ó fọwọ́ lé ẹnu. “Ọlọ́hun ṣeun. Bákan náà ni.”

Leah ti yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Oṣù méje, ojú yín ni mo fi ń ṣe dígí. Ẹni tó bá wọlé á wò mí, á sáré wo ilẹ̀. Mo ní ojú mi ti jẹrà nìyẹn. Mo ní imú ti kúrò níbẹ̀. Ìtùnú, mo máa ń fi ọwọ́ wá imú mi láàárọ̀ kí n tó gbàdúrà. Ó wá jẹ́ pé ẹnu ló wọ́? Ẹnu lásán?”

“Dókítà ní kí ẹ má ronú,” Ìtùnú ń sunkún.

“Kí wá ni mo ti ń ṣe láti oṣù méje?”

Ìtùnú sá wọlé, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ jáde, ó dè é mọ́ ìyá rẹ̀ lápá níwájú gbogbo wa. Gbogbo wa na ọrùn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, kò burú.

“Dígí mi dà?” Leah wí.

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo lọ kó wọn jáde lábẹ́ ibùsùn mi, mo nù wọ́n, mo gbé tọwọ́ fún un. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ náà? Ìwọ tá a jọ bímọ lọ́dún kan náà?” Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á bá mi jà tí ara òun bá le díẹ̀ sí i. Ó mú ìlérí náà ṣẹ.

Ó ní kí Ìtùnú wá lé tiro fún òun, nítorí ọwọ́ kan kò lè di dígí mú kí ó tún lé tiro. Ìtùnú kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè lé tiro fún ẹnìkan láì wo ojú rẹ̀. Ó gbá àgbọ̀n ìyá rẹ̀ mú, ó wò ó, ó pẹ́ kí ó tó lè gbé ọwọ́. Tiro náà wọ́ níbì kan. Leah wo dígí, ó ní ọmọ Átíìsì kò mọ nǹkan lé.

Lọ́jọ́ kejì mo bi Adéjìmí bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ṣì í, Ìyá àgbà. Ẹ má sọ fún un.”

Láti ìgbà náà ni Leah ti ń jáde. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ti etí ọ̀sà bú àwọn tó ń yan ẹja jóná. Àwọn kan ṣì ń wo ilẹ̀, kò ṣàìmọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń padà sílé tí kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Kò pé ọdún kan tí Adéjìmí fi kú. Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó wẹ̀ láàárọ̀, ó wọ ṣòkòtò mímọ́, ó jókòó kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Leah bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wò ó.

Kí ó tó di ọ̀sán, èrò ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àti Ìlàjẹ bọ̀. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní kí opó wà ní ìyẹ̀wù, kí wọ́n ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn fa Ìtùnú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na gèlè dúdú sí i.

“Fi èyí bo màmá lẹ́nu díẹ̀,” ó rọra wí. “Àwọn àlejò pọ̀. Ẹkún tún ti fa ẹnu wọn sí i. Kò yẹ kí wọ́n máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀ lónìí.”

Ìtùnú gba gèlè náà. Mo jókòó ti Leah, mò ń wò ó. Ìtùnú ká gèlè náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ó gbé àga ìyá rẹ̀ la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ síta, ó gbé e sí ẹnu àbáwọlé, níbi tí oòrùn wà. Ó padà wá, ó fi èjìká gba ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ síta. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí yín.”

Ìtùnú dúró tì í níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹni tó bá wọlé, ojú Leah ló ń kọ́kọ́ kò. Àwọn kan wò ó, wọ́n sáré wo ilẹ̀. Leah á dúró, kò ní sọ̀rọ̀, títí wọ́n á fi tún gbé ojú sókè. Ìgbà yẹn ni yóò tó wá sọ fún wọn pé ọkọ òun kú láàárọ̀ yìí.